Killing Me Softly with His Song: Èwo Nínú Ẹ̀dà Mẹ́ta Ni Kí A Yàn, Orúkọ Ta Ni Kí A Sì Kọ Sí I?

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àwa Yorùbá ń lò fún iṣẹ́ méjì: ẹni tó gbóhùn sókè ní agbo eré kọ orin, ẹni tó jókòó ti bébà tó ń to ọ̀rọ̀ pọ̀ náà kọ orin. Bí iṣẹ́ méjèèjì bá jẹ́ ti ẹnìkan náà, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n orin soul tí gbogbo ayé mọ̀ sí Killing Me Softly with His Song kì í ṣe iṣẹ́ ẹnìkan, àwọn tó sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀ kò fẹnu kò lórí ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ, tó fẹ́ rà á, tàbí tó fẹ́ fi ohùn ara rẹ̀ gbé e lágbo, yóò bá ẹ̀dà mẹ́ta pàtàkì pàdé: ti Lori Lieberman tó jáde ní 1972, ti Roberta Flack tó jáde ní 1973, àti ti Fugees, ẹgbẹ́ olórin hip-hop, tó jáde ní 1996. Ẹni tó fẹ́ mọ èyí tí yóò yàn, tí kò sì fẹ́ gbàgbé ẹni tó ṣiṣẹ́, ni mo kọ èyí fún.

Ohun mẹ́ta ni mo fi wọn ẹ̀dà wọ̀nyí. Èkíní ni bí ẹ̀dà kan ṣe súnmọ́ ohun tó bí orin náà tó, àti bí a ṣe lè fọkàn tán ìtàn tí a ń sọ nípa rẹ̀ tó. Èkejì ni ìnáwó, kì í sì í ṣe owó tí a fi ń ra àwo nìkan ni mo ní lọ́kàn, nítorí ẹni tó ti san owó oṣù fún gbígbọ́ orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní san kọ́bọ̀ lé e kí ó tó gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta; ohun tí yóò náni láti kọ ọ́ fúnra ẹni ni ó yàtọ̀, ìyẹn iye ohùn, iye ohun èlò àti iye ọjọ́ ìdánrawò. Ẹ̀kẹta ni ibi tí ó bá mu, nítorí orin tó yẹ yàrá tí ẹnìkan jókòó sí lóru lè má yẹ gbọ̀ngàn tí èrò kún fọ́fọ́. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ta kora, ibi tí ó bá mu ni mo máa ń fi ṣáájú nígbà tí mo bá ń yan ẹ̀dà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan orúkọ tí a ó kọ sábẹ́ orin, èkíní nìkan ni mo ń wò.

Ẹjọ́ tó wà nídìí orin náà

Orúkọ méjì péré ló wà nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ni orin yìí: Charles Fox tó ṣe ohùn rẹ̀, àti Norman Gimbel tó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló ń tọ́ Lieberman sọ́nà nígbà náà, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ogún ọdún. Àwọn ni wọ́n ń kọ orin sínú àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ tí ilé-iṣẹ́ Capitol fẹ́ gbé jáde, ìwé àdéhùn tó fọwọ́ sí sì fún wọn ní ìpín nínú owó tó ń wọlé fún un.

Ohun tí Lieberman sọ ni pé ní oṣù Kọkànlá ọdún 1971, òun lọ sí ilé eré Troubadour ní Los Angeles, níbi tí Don McLean, akọrin tí orúkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ròkè, ti ń kọrin sí gìtá rẹ̀. Orin kan tí McLean kọ lálẹ́ ọjọ́ náà, Empty Chairs, wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara, ó sì dà bí ẹni pé àjèjì orí pèpéle náà ń ka àṣírí òun sétí gbogbo èèyàn. Ó fa bébà ìnuwọ́ tó wà lórí tábìlì, ó sì kọ ohun tó ń ṣe é sílẹ̀ lórí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ní òun pe Gimbel lórí tẹlifóònù, òun sì ka ohun tí òun kọ fún un, ìyẹn ló sì di orin.

Gimbel ní tirẹ̀ ti ní gbólóhùn kan nípamọ́ nínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, gbólóhùn tó rí nínú ìwé ìtàn-àròsọ Julio Cortázar, òǹkọ̀wé ọmọ Ajẹntínà, nípa orin blues tó ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pa ènìyàn. Nígbà tí ọdún gorí ọdún, òun àti Fox ń sọ fún aráyé pé ọ̀rọ̀ McLean kò sí nídìí orin náà rárá. Fox ní àwọn ti kọ orin tán kí Lieberman tó gbọ́ ọ, ìgbà tó gbọ́ ọ ló wá sọ pé ó rán òun létí alẹ́ tí òun lọ wo McLean.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni; ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ to ọ̀rọ̀ ìhà méjèèjì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí kan wà tí mo rò pé ó wúwo ju ìyókù lọ. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1973, nígbà tí orin náà ṣì gbóná lórí rédíò, tí ìjà kankan kò sì tíì bẹ́ sílẹ̀, Gimbel fúnra rẹ̀ sọ fún ìwé ìròyìn Daily News ti New York pé Lieberman ló wá sọ fún àwọn bí orin McLean ṣe mú un lọ́kàn tó, pé òun rò ó pé ó lè di orin tó dára, àti pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n jọ jíròrò rẹ̀. Nígbà tó yá, tí Gimbel ní kí McLean yọ ìtàn náà kúrò lórí ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìwé ìròyìn àtijọ́ yìí ni ìhà McLean fi dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn sọ nígbà tí kò tíì sí ìdí kankan tí yóò fi ṣọ́ ẹnu rẹ̀ ni èmi máa ń gbára lé ju èyí tó sọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà, lójú tèmi, gbólóhùn àkọlé jẹ́ ti Gimbel, ohùn orin jẹ́ ti Fox, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú orin náà, obìnrin tó jókòó láàárín èrò tí ojú ń tì, tí ó sì dà bí ẹni pé akọrin náà rí lẹ́tà rẹ̀ tó ń kà á sókè, Lieberman ló ṣẹlẹ̀ sí.

Òfin kò rí i bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí a mọ ìdí rẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ní Amẹ́ríkà kì í dáàbò bo èrò tàbí ìrírí. Ọ̀rọ̀ àti ohùn gan-an tí a tò sílẹ̀ ni ó ń dáàbò bò. Ẹni tó bá sọ ìtàn ara rẹ̀ fún òǹkọ̀wé, tí òǹkọ̀wé sì fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kọ ọ́, kò di olùkọ̀wé nítorí pé ìtàn náà jẹ́ tirẹ̀. Ohun tí èyí túmọ̀ sí lówó kò kéré: ní Amẹ́ríkà, bí ilé-iṣẹ́ rédíò bá gbé orin kan sáfẹ́fẹ́, àwọn tó kọ orin náà àti àwọn tó ń bá wọn mójú tó ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni owó ń lọ bá, ẹni tó fi ohùn gbé e jáde kì í gba kọ́bọ̀ níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí rédíò Amẹ́ríkà bá gbé ẹ̀dà kẹ́dà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí jáde, ìpín Fox àti ti Gimbel, tó kú ní 2018, ni owó náà ń bọ́ sí. Lieberman kò jẹ níbẹ̀. Flack pàápàá kò jẹ níbẹ̀.

Lori Lieberman, 1972

Ẹ̀dà yìí ló dákẹ́ jù. Gìtá àti ohùn jẹ́jẹ́ ló gbé e ró. Kò sí ìlù tó ń ti ènìyàn lẹ́yìn, kò sì sí ibi kankan tí akọrin náà ti na ohùn láti fi hàn pé òun mọ orin kọ. Bí ó ṣe ń lọ ni ó ń dà bí ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ kí ará ilé kejì gbọ́. Àwọn kan ka èyí sí àìlágbára. Èmi rò pé ó bá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ mu, nítorí ẹni tí ojú ń tì kì í pariwo.

Lórí òṣùwọ̀n èkíní, kò sí èyí tó tó o. Nínú ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí nìkan ni ẹni tó ń kọrin ti lè sọ pé òun wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Lórí ìnáwó, òun ló fúyẹ́ jù fún ẹni tó fẹ́ kọ ọ́: ẹnìkan pẹ̀lú gìtá kan lè mú un mọ́ra láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sì nílò elégbè. Ibi tí ó kù sí ni pé kò ní ohun tí yóò fa ẹni tí kò fara balẹ̀ mọ́ra. Nígbà tó jáde, kò wọ inú àwọn orin tó ń lọ sókè lọ́jà rárá, ẹni tó bá sì gbé e sí agbo ayẹyẹ yóò rí i pé àwọn èèyàn yóò padà sórí oúnjẹ wọn. Alẹ́ ni ó yẹ, fún ẹni méjì tàbí mẹ́ta.

Roberta Flack, 1973

Ní 1972, Flack wà nínú ọkọ̀ òfurufú TWA tó ń ti Los Angeles lọ sí New York. Ó mú ìwé àkójọ orin tí wọ́n ń gbé sétí àwọn èrò ọkọ̀, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí àkọlé tó ṣàjèjì yìí. Ó ki ohun ìgbọ́ran bọ etí, ó gbọ́ Lieberman. Kò gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Ó gbọ́ ọ léraléra, ó fa ìlà márùn-ún tí àwọn olórin fi ń kọ ohùn sílẹ̀ sórí bébà, ó sì ń dà á kọ bí orin náà ti ń lọ, títí ọkọ̀ fi balẹ̀. Bí ó ṣe sọ̀ kalẹ̀, ó pe Quincy Jones, ọ̀gá nínú iṣẹ́ ṣíṣe àwo orin, láti bi í bí òun ṣe lè rí Charles Fox. Ní ọdún yẹn kan náà, ó kọ ọ́ ní Greek Theatre ní Los Angeles kí ó tó gbà á sílẹ̀, èrò sì hó gèè. Marvin Gaye, akọrin soul tó wà níbẹ̀, sọ fún un pé kó má ṣe kọ orin náà mọ́ níbikíbi àfi tó bá ti gbà á sílẹ̀ tán.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lo oṣù mẹ́ta lórí ìgbàsílẹ̀ náà. Kí ẹ má fi ojú kéré wo ìmọ̀ tó gbé wọ ibẹ̀: ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni nígbà tó wọ Yunifásítì Howard láti kọ́ orin, ẹni tó kọ́ dùùrù kíláàsíkà ni. Ègbè ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì wọlé láìsí ariwo lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìlù Grady Tate àti báàsì Ron Carter gbé orin náà lé èjìká, tí ó sì yá ju bí Lieberman ti kọ ọ́ lọ. Láàárín orin, ó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ pátápátá, ó ń fi ohùn lásán kọrin, ohùn rẹ̀ sì ń gun orí ara wọn bí ìgbà tí èèyàn mẹ́rin ń dárò pọ̀. Fox fúnra rẹ̀ gbà pé yíyá orin náà àti ìlù tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀, tí kò sí nínú ti àkọ́kọ́, ló jẹ́ kí ẹ̀dà yìí rìn jìnnà.

Ẹ fetí sí ìparí rẹ̀ dáadáa. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni orin náà ti jókòó sórí kọ́ọ̀dù (àkópọ̀ ìró tó ń dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) minor, nínú ìbànújẹ́, etí ti gbà pé ibẹ̀ náà ni yóò parí sí. Àfi bí ó ṣe dé ìró tó kẹ́yìn, tí kọ́ọ̀dù náà yí sí major, bí ìgbà tí wọ́n ṣí fèrèsé yàrá tí ẹnìkan ti ń sunkún. Flack sọ ọ́ gbangba pé òun yí díẹ̀ nínú àwọn kọ́ọ̀dù náà padà, òun ló sì yàn láti parí rẹ̀ lórí major, nítorí a kò kọ orin náà bẹ́ẹ̀. Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ orúkọ tún ti dùn mí, nítorí ẹni tó tún orin tò, tó fún un ní ìparí tuntun, kì í ní ìpín nínú orin gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ ọ́. Orin náà wà ní ipò kìíní ní Amẹ́ríkà fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún lápapọ̀ ní 1973, ó sì gba ẹ̀bùn Grammy mẹ́ta ní 1974. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀bùn Song of the Year jẹ́ ti àwọn tó kọ orin. Fox àti Gimbel ló gbà á. Àwọn obìnrin méjì tí orin náà gba ara wọn kọjá kí ó tó dé etí ayé kò sí lórí èyí.

Ìnáwó ẹ̀dà yìí ga fún ẹni tó fẹ́ kọ ọ́ bí ó ti rí. Ó ń fẹ́ akọrin tó lè mú ohùn rẹ̀ dúró gbọnin láìgbọ̀n, àwọn elégbè mẹ́ta ó kéré tán, onídùùrù tó mọ ibi tí kọ́ọ̀dù ti yí, àti onílù tó mọ bí a ti ń fi ọwọ́ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá fi ọjọ́ méjì dán an wò yóò jìn sí kòtò láàárín, níbi tí ọ̀rọ̀ ti tán.

Fugees, 1996

Lauryn Hill, akọrin obìnrin inú ẹgbẹ́ Fugees, kò tíì pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún nígbà tí àwo wọn, The Score, jáde ní oṣù Kejì ọdún 1996. Ohùn rẹ̀ ló gbé ẹ̀dà yìí láti òkè délẹ̀, Wyclef Jean tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ náà sì ń pe ìpè sí i láti ẹ̀gbẹ́. Ìlù tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ìlù tuntun: inú orin Bonita Applebum ti ẹgbẹ́ A Tribe Called Quest, tó jáde ní 1990, ni wọ́n ti mú un, ìró sitar (ohun èlò olókùn àwọn ará Íńdíà) inú rẹ̀ sì tọ orin àtijọ́ kan tí ẹgbẹ́ Rotary Connection ṣe lọ. Ẹ ò rí i pé orin tí a ń jà sí nítorí ẹni tó ni ín ti wá di ilé tí iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé.

Àwọn Fugees kọ́kọ́ fẹ́ yí ọ̀rọ̀ orin náà padà, kí ó lè bá oògùn olóró àti òṣì wí. Fox àti Gimbel kọ̀ jálẹ̀, agbára tí orúkọ inú ìwé ń fúnni sì nìyẹn: ẹni tó ni orin lè sọ pé rárá. Mo dúpẹ́ pé wọ́n kọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ àtijọ́ náà lórí ìlù líle yẹn ló mú kí ẹ̀dà yìí ṣe ohun tí kò sí ẹni tó retí. Ó dé ipò kìíní ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iye tí wọ́n tà níbẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù kan. Ní Amẹ́ríkà nígbà náà, wọn kò tà á lọ́tọ̀, ẹni tó bá fẹ́ ẹ ní láti ra odindi àwo. Flack kò bínú sí wọn. Ó bá wọn kọ ọ́ lórí pèpéle ní ọdún yẹn kan náà.

Ó rọrùn láti kọ fún ẹni tó ní ohùn tó dára àti ìlù inú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gbà á sílẹ̀ fún títà, tó sì lo ìlù Fugees gan-an, kì í ṣe àwọn tó ni ẹ̀tọ́ orin Fox àti Gimbel nìkan ni yóò tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Yóò tún bá àwọn tó ni ìgbàsílẹ̀ tó gbé ìlù náà dúnàádúrà, owó tó dára kí ó sì ti wà nílẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Lórí òṣùwọ̀n èkíní, òun ló jìnnà jù sí bébà ìnuwọ́ Troubadour.

Àwọn ẹ̀dà mìíràn pọ̀. Ti Luther Vandross, ti 1994, dùn létí, ó sì mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí Flack kò tíì sọ.

Ta ni kí ó mú èwo?

Bí ẹ bá jẹ́ akọrin kan pẹ̀lú gìtá kan, tí ẹ fẹ́ kọrin níbi tí àwọn èèyàn ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀, ti Lieberman ni kí ẹ kọ́, kí ẹ má sì yá a ju bí ó ti yá a lọ. Olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ti ń kọ orin sílẹ̀ náà, ibẹ̀ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí egungun orin náà hàn níbẹ̀. Fún ayẹyẹ, pàápàá níbi tí àwọn tí wọ́n dàgbà ní àwọn ọdún 1990 bá pọ̀ sí, ẹ gbé ti Fugees sí i láìwẹ̀yìn. Kò sí èyí nínú méjì yòókù tí yóò mú wọn dìde bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ akọrin tó ní elégbè tó dáńgájíá, tó sì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti fi dán an wò, kí wọ́n mú ti Flack, kí wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ nínú àkókò náà sí apá tí kò ní ọ̀rọ̀ àti kọ́ọ̀dù tó kẹ́yìn. Ẹni tí àyè ẹ̀dà kan ṣoṣo bá wà fún nínú ilé rẹ̀, ti Flack náà ni mo ní kí ó mú, èmi kò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹni tó bá kọ ọ́ fúnra rẹ̀, tó fẹ́ gbé e sórí YouTube, kí ó kọ Charles Fox àti Norman Gimbel sí ibi orúkọ àwọn tó kọ orin, nítorí àwọn ni òfin mọ̀, iṣẹ́ wọn sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Lẹ́yìn náà, kí ó fi ìlà kan kún un nísàlẹ̀. Nínú àṣà wa, òṣèré kì í ṣíde láìjúbà àwọn tó ṣáájú, ìlà náà sì ni ìbà tí mo ní lọ́kàn: pé Lori Lieberman ló kọ́kọ́ gbé orin yìí jáde ní 1972, lẹ́yìn alẹ́ kan tó lò ní Troubadour, àti pé Roberta Flack ló fún un ní ìparí tí ayé mọ̀.